Ǹjẹ́ Asán Ni Làálàá Lórí Ohun Tí Kì í Pẹ́?



Ní ọdún 1713, ọ̀mọ̀wé kan nípa orin tí ń gbé ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, Johann Mattheson ni orúkọ rẹ̀, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti fi àwọn tí ń ta lúùtù ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní bí ọ̀kan nínú wọn bá dàgbà tó ẹni 80 ọdún, kí a mọ̀ dájú pé 60 nínú rẹ̀ ni ó fi tún okùn ṣe. Ó tún ní òun gbọ́ pé ní ìlú Paris, owó tí lúùtù kan ń ná ènìyàn tó owó tí a fi ń bọ́ ẹṣin. Ẹ̀fẹ̀ ni, ẹ̀rín ni ó sì yẹ kí a fi gbà á. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan lúgọ sábẹ́ ẹ̀fẹ̀ náà tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Bí ènìyàn bá lo 60 ọdún fún ìmúra, tí ohun tí ó ń múra fún kò sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ kí ó tó parẹ́ sínú afẹ́fẹ́, ǹjẹ́ kò ti fi ayé rẹ̀ ṣòfò?

Bóyá ọ̀pọ̀ nínú wa kò rí lúùtù rí. Ẹni tí ó bá mọ gìtá tàbí mólò ti sún mọ́ ọn. Igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi ṣe é, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ bí ìdajì igbá. Ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá ni ó ti dé Yúróòpù, èdè wọn ni orúkọ rẹ̀ sì ti wá. Okùn rẹ̀ kì í ṣe wáyà. Ìfun àgùntàn ni, tí a yí, tí a sì sá gbẹ. Èyí tí Silvius Leopold Weiss, ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín lónìí, ń ta nígbà tí ó dàgbà ní okùn 24 ní ọ̀wọ́ 13: méjì dá dúró, 11 yòókù sì jẹ́ méjì-méjì. Ìfun ẹran kò fara da ojú ọjọ́. Bí ọ̀rinrin bá mú, ohùn rẹ̀ yí padà. Bí àwọn ènìyàn bá kún yàrá tí ibẹ̀ sì móoru, ó tún yí padà. Bí a bá sì ta orin kan tán, tí a fẹ́ bọ́ sí òmíràn tí ohùn ìpìlẹ̀ rẹ̀ yàtọ̀, a ní láti tún àwọn okùn ńlá ìsàlẹ̀ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ìdí nìyí tí gbogbo orin inú sònátà Weiss kan fi máa ń dúró lórí ohùn ìpìlẹ̀ kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn baba wa ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ti lúùtù, ẹ̀ṣọ́ náà a máa já bọ́ kí a tó dé òde.

Ìlú Grottkau ní Silesia, tí ó di Grodków ní ilẹ̀ Poland lónìí, ni a bí Weiss sí ní ọdún 1687. Lúùtù ni baba rẹ̀ ń ta. Lúùtù náà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń ta. Láti ọdún 1710 títí di 1714 ó wà ní ìlú Róòmù lọ́dọ̀ Ọmọ Ọba Alexander Sobieski, ará Poland. Ní ọdún 1718 ó di olórin ààfin ní Dresden, lábẹ́ Ọba Augustus, ẹni tí ó wọ ìjọ Àgùdà ní 1697 nígbà tí ó ń wá adé ilẹ̀ Poland. (Ìdí tí ó fi yí padà, n kò ní dá a lẹ́jọ́.) Ibẹ̀ ni Weiss wà títí ó fi kú ní ọjọ́ 16 oṣù kẹwàá ọdún 1750, ọdún kan náà tí Johann Sebastian Bach kú. Ní 1722 ni onífáyólìn kan fi eyín gé àtàǹpàkò rẹ̀, ó sì kù díẹ̀ kí ó já a. Àtàǹpàkò yẹn ni a fi ń ta àwọn okùn ìsàlẹ̀. Ìwòsàn dé, ó sì padà sídìí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bí iṣẹ́ odidi ayé ènìyàn ṣe lè so mọ́ ìka kan ṣoṣo.

Sònátà fún lúùtù nìkan, bí Weiss ti ń kọ ọ́, jẹ́ ọ̀wọ́ orin ijó tí ẹnikẹ́ni kò ní í jó. Ọ̀kan nínú wọn wà tí a ń pè ní L'Infidèle, orúkọ tí ó túmọ̀ sí aláìṣòótọ́ tàbí aláìgbàgbọ́. Orin mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀: Entrée, Courante, Sarabande, Menuet, Musette àti Paysanne. Sarabande a máa lọ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mẹ́ta-mẹ́ta ni ìlù rẹ̀. Musette ń sín fèrè àwọn darandaran jẹ, irú èyí tí ohùn kan ń dún nísàlẹ̀ láìdúró nígbà tí orin ń lọ lókè. Ọgbọ́n ńlá ni láti sín irú fèrè bẹ́ẹ̀ jẹ lórí lúùtù, nítorí pé ohun tí lúùtù kò lè ṣe gan-an nìyẹn. Ẹni tí ń fọn fèrè lè fi èémí gbé ohùn ró. Onífáyólìn lè fa ohùn gùn. Dùùrù ilé Ọlọ́run yóò máa dún títí ọwọ́ yóò fi kúrò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n gbàrà tí ìka bá ti ta okùn lúùtù ni ohùn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Kò sí agbára kankan lọ́wọ́ olórin láti dá a padà tàbí láti fi kún un. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó ta òmíràn.

Bí a ti ń kọ orin náà sílẹ̀ tilẹ̀ fi èyí hàn. Ìlà mẹ́fà ni a fà, a sì to álífábẹ́ẹ̀tì sórí wọn: «a» fún okùn tí a kò fi ìka tẹ̀, «b» fún ibi àkọ́kọ́ tí ìka lè tẹ̀, «c» fún èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lókè ìlà wọ̀nyí ni àmì wà tí ń sọ ìgbà tí a ó ta okùn. Ìwé náà sọ ibi tí ìka yóò wà, ó sọ ìgbà tí yóò ta á. Kò sọ bí ohùn náà yóò ti pẹ́ tó. Ìyẹn di ọ̀rọ̀ etí àti òye ẹni tí ń ta á: bóyá kí ó jẹ́ kí ó dún títí yóò fi tán fúnra rẹ̀, tàbí kí ó fi ìka pa á kí ó má bàa da èyí tí ń bọ̀ rú.

Weiss mọ ikú ohùn yìí, ó sì lò ó. Ní ọdún 1721 ni Jan Antonín Losy kú, ìjòyè ilẹ̀ Bohemia tí òun náà ń ta lúùtù, Weiss sì kọ orin ìdárò fún un. Ohùn ìpìlẹ̀ tí ó yàn fún un ṣòro púpọ̀ lórí lúùtù, nítorí pé nínú rẹ̀, díẹ̀ ni okùn òkè tí a lè ta láìfi ìka tẹ̀ ẹ́. Okùn tí a kò tẹ̀ a máa dún pẹ́. Èyí tí a tẹ̀ a máa yára kú. Nítorí náà gbogbo orin náà ń dún bí ẹni pé a fi aṣọ bò ó, ohùn kọ̀ọ̀kan sì ń lọ kí a tó mọyì rẹ̀ tán. Mo ka orin yìí sí ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó dára jù lọ tí a ti ọwọ́ ènìyàn ṣe fún òkú, ẹni tí ó bá sì fẹ́ bá mi jiyàn, àyè wà.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á padà sí ìbéèrè wa, nítorí kì í ṣe ìbéèrè àwọn olórin nìkan. Obìnrin kan wà tí ó tọ́jú ìyá rẹ̀ tí ó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ fún ọdún mẹ́jọ. Ó ń wẹ̀ ẹ́, ó ń yí i padà lórí ibùsùn kí egbò má bàa dá sí i lára, ó ń fi ṣíbí bọ́ ọ bí ọmọ ọwọ́. Ìyá kú. Nígbà tí a sìnkú tán, tí àwọn àlejò ti ń lọ, aya àbúrò rẹ̀ jókòó tì í, ó sì wí fún un pé: «Ẹ̀gbọ́n mi, gbogbo làálàá yín náà nìyí o, ikú ni ó já sí.» Kò fi ìkà sọ ọ́, ìtùnú ni ó rò pé òun ń ṣe. Obìnrin náà kò dáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni ó tó wá bi mí bóyá òtítọ́ ni.

Àwa Yorùbá a máa wí pé iná kú, ó fi eérú bojú. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kú, ó fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe rere ni, a sì ti fi tu ọ̀pọ̀ ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wa lára láti yí i po, kí á máa rò pé ohun tí kò bá fi eérú tàbí ọmọ sílẹ̀ kò tíì ṣe nǹkan kan. A ń bèèrè lọ́wọ́ iṣẹ́ gbogbo pé: kí ni o fi sílẹ̀? Ilé dá a lóhùn, oko kòkó dá a lóhùn. Ohùn lúùtù kò fi eérú sílẹ̀, kò ní ọmọ. Ọbẹ̀ tí a sè láàárọ̀ tán kí ó tó di alẹ́. Obìnrin tí mo wí yìí kò ní ohunkóhun tí ó lè fi han aya àbúrò rẹ̀.

Aristotle, ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ Gíríìkì, fi ìyàtọ̀ kan hàn tí ó lè ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín. Ó ní àwọn iṣẹ́ kan wà tí òpin wọn wà lẹ́yìn wọn, bí ilé kíkọ́: títí a ó fi bò ó lórí, iṣẹ́ kò tíì pé, bí a bá sì dúró lágbede méjì, ahoro ni a fi sílẹ̀. Àwọn iṣẹ́ mìíràn sì wà tí òpin wọn wà nínú ṣíṣe wọn gan-an, bí kí ènìyàn máa wòran, tàbí kí ó máa ronú. Ní ìṣẹ́jú kan náà tí ó ń ṣe é ni ó ti ṣe é. Mo sọ fún obìnrin náà pé aṣìṣe aya àbúrò rẹ̀ ni pé ó ka ìtọ́jú ìyá wọn sí ilé tí a ń kọ́ tí ó wó. Ìwẹ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kì í ṣe bíríkì kan lára ìwòsàn tí kò dé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó wà fún. Ìyá mọ́ lára, ara tù ú, ó sùn. Kò sí ohun tí ó ṣẹ̀ ní ọjọ́ ikú tí ó lè sọ ìyẹn di èyí tí a kò ṣe.

Ṣùgbọ́n n kò rò pé Aristotle sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ohùn lúùtù kan ṣoṣo, bí a bá tilẹ̀ ta á dáradára, kì í ṣe orin. Augustine Mímọ́, nínú apá kẹrin ìwé Ìjẹ́wọ́ rẹ̀, wo ọ̀rọ̀ ẹnu, ó sì rí i pé a kò lè sọ odidi gbólóhùn bí ọ̀rọ̀ kan bá kọ̀ láti lọ lẹ́yìn tí a bá ti pè é tán. Ó gbọ́dọ̀ lọ kí èyí tí ó tẹ̀lé e lè dé. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ nínú orin: bí gbogbo ohùn inú Sarabande náà bá dúró, tí kò sí èyí tí ó kú, ariwo kan ṣoṣo ni etí yóò gbọ́, irú èyí tí a ń gbọ́ bí ọmọdé bá fi apá lélẹ̀ lórí dùùrù. Nítorí náà kíkú ohùn kì í ṣe àbùkù lára orin. Ọ̀nà tí orin ń gbà wà ni. Ọgbọ́n yìí rọrùn láti sọ lórí ọ̀rọ̀ lúùtù. Ó ṣòro púpọ̀ láti sọ ọ́ fún ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, n kò sì sọ ọ́ fún un ní ọjọ́ náà.

Ẹnì kan lè wí pé: «Fádà, ohun tí ẹ ń wí kò pọn dandan. Iṣẹ́ Weiss kò ṣòfò, nítorí pé a ń gbọ́ ọ lónìí.» Òtítọ́ ni pé ó ju 600 orin rẹ̀ lọ tí ó ṣẹ́ kù, tí ìwé àfọwọ́kọ ńlá kan wà ní Lọ́ńdọ̀n, ní British Library, tí àwọn mìíràn sì wà ní Dresden. Òtítọ́ ni pé àwọn ènìyàn tún ń ta lúùtù, tí ẹ̀rọ sì ti gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú ẹ̀rọ náà, bí ohùn ti ń kú ni ó ṣì ń kú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí èyí ti ṣẹlẹ̀. Ní gbogbo ọjọ́ ayé Weiss, orin kékeré kan péré ni a tẹ̀ jáde nínú iṣẹ́ rẹ̀, inú ìwé ìròyìn orin tí Telemann ń ṣe ní 1728 ni ó sì wà. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, kò pẹ́ tí lúùtù fi di ohun tí a gbé kọ́ ògiri, nítorí pé dùùrù titun ń pariwo jù ú lọ. Ìwé wọ̀nyí ìbá ti jóná. Ìwé àwọn ẹlòmíràn jóná lóòótọ́, a kò sì mọ orúkọ wọn. Bí ó bá jẹ́ pé wíwá tí a wá Weiss rí ni ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ di rere, a jẹ́ pé iṣẹ́ àwọn tí a kò rí kò dára, ìyẹn kò sì lè jẹ́ òtítọ́.

Orúkọ náà kò ṣe é gbọ́kàn lé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ka orin kan fún fáyólìn àti dùùrù mọ́ ti Bach, kí àwọn onímọ̀ tó rí i ní àwọn ọdún 1990 pé sònátà lúùtù kan tí Weiss kọ ni Bach mú, tí ó sì fi apá fáyólìn kún. Ní ọ̀nà kejì ẹ̀wẹ̀, Manuel Ponce, ará Mexico, kọ orin gìtá kan ní ọ̀rúndún ogún, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Segovia sì fi orúkọ Weiss bò ó fún àwọn olùgbọ́. Èké ni mo pe ìyẹn, bí wọ́n tilẹ̀ fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn méjèèjì, orin ni ó mú inú àwọn tí ó gbọ́ ọ dùn, kì í ṣe orúkọ.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ta ni ó sanwó lúùtù náà? Ọba Augustus jẹ́ onífàájì tí a mọ̀ káàkiri Yúróòpù, owó orí àwọn àgbẹ̀ sì wà lára ohun tí ó ń ná. Weiss wà lára àwọn olórin tí owó wọn pọ̀ jù lọ ní ààfin náà. Paysanne, orin tí ó kẹ́yìn nínú L'Infidèle, túmọ̀ sí orin ijó àwọn àgbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn kò sí nínú yàrá náà láti gbọ́ ọ. N kò ní gbèjà ọba, n kò sì ní wí pé ẹwà orin san gbèsè ẹnikẹ́ni. Bí ẹnì kan bá jalè láti ra oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀, oúnjẹ náà ṣì ń ṣe ara lóore, olè náà sì ṣì jẹ́ olè. Ohun tí kò tọ́ ni kí á mú ẹ̀ṣẹ̀ ẹni tí ó sanwó láti fi pe iṣẹ́ ẹni tí ó ṣe é ní asán.

Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí Weiss fúnra rẹ̀ rò, kò kọ ọ́ sílẹ̀. A lè wo ohun tí ó ṣe. Ní ọdún 1739, òun àti olórin lúùtù mìíràn, Kropffgans, lọ sí ilé Bach ní Leipzig, wọ́n sì ta orin níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìbátan Bach kan tí ń gbé ilé náà ni ó mẹ́nu kàn án nínú lẹ́tà pé orin tí ó dára lọ́pọ̀lọpọ̀ ni. Kò sọ orin tí wọ́n ta. Bákan náà, nínú ọ̀pọ̀ sònátà Weiss, kò sí ìṣíde tí a kọ sílẹ̀. Kì í ṣe pé ìwé sọnù: àṣà ìgbà náà ni pé ẹni tí ń ta lúùtù yóò ṣe ìṣíde láti inú ara rẹ̀ ní ìjókòó náà, bí ọkàn rẹ̀ bá ti darí rẹ̀ sí, kí ó tó bọ́ sórí ohun tí ó wà nínú ìwé. Àwọn tí ó gbọ́ Weiss jẹ́rìí pé ibi tí ó ti ta yọ jù lọ nìyẹn. Nígbà tí ó lọ sí Berlin ní 1728, Wilhelmine, ọmọbìnrin ọba Prussia, gbọ́ ọ. Òun náà ń kọ́ lúùtù, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ayé rẹ̀ pé ọkùnrin náà kò ní ẹlẹgbẹ́. Ohun tí Weiss ṣe ní irú àwọn àkókò bẹ́ẹ̀, kò fi lélẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti dà kọ, bẹ́ẹ̀ ni ó mọ ìwé kọ, kò sì ṣaláìní àkókò.